Ẹ Má Gba Ìwé Ọ̀daràn Lọ́wọ́ Ọmọ Yẹn, Inú Ẹ̀ Lèmi Ti Gbọ́ Òyìnbó

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, kò ní rẹ̀ yín.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, fẹ́ńdọ̀ tó ń gbé e wá sọ́jà wa mọ̀ pé kóun tó ta fún ẹlòmíì kóun kọ́kọ́ yọ tèmi sílẹ̀, àmọ́ mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, tí mo bá ti kà á tán mo máa ń fi wé aṣọ fún kọ́sítọ́mà ni, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fi mú bírò. Bàbá kan tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kọ lẹ́tà síbí pé kí òbí máa tú báàgì ọmọ wò, pé ìwé ìtàn olè àti ìpànìyàn ló ń ba ọmọ jẹ́, pé tọ́mọ bá fẹ́ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kó lọ jókòó ti gírámà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní há! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jù mí lọ, mi ò lè rí yín fín, àmọ́ lórí eléyìí ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Aláṣọ ni mí. Léèsì àti àǹkárá ni mò ń tà ní Gbági Tuntun, n'Íbàdàn níbí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo wọ fọ́ọ̀mù wáànù, táàmù kejì lowó tán, bí mo ṣe jókòó ti àǹtí mi tó ń ta aṣọ nìyẹn. Àmọ́ lónìí, tí kọ́sítọ́mà bá wá láti Ghana, tàbí àwọn tó ń ti Onitsha wá kó ọjà, tàbí òyìnbó obìnrin kan báyìí tó máa ń wá wá àdìrẹ tó ń lọ tà ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni wọ́n máa ń pè láti ìsọ̀ mẹ́ta mẹ́rin pé ẹ wá bá wa dá a lóhùn. Wọ́n á ní yunifásítì wo lẹ lọ? Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Yunifásítì James Hadley Chase ni, òyìnbó tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lé láàádọ́ta ọdún mọ ẹni tí mò ń wí. Láyé ìgbà yẹn, láàárín 1980 sí 1990, kò sí bọ́díǹ tí ìwé ẹ̀ kì í sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀ọ̀dá mi máa ń kó o bọ̀ nílé tí wọ́n bá gba họ́lídè, ìwé pélébé, ewé ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, obìnrin tí aṣọ ara ẹ̀ ò tó nǹkan ló sì máa ń wà níwájú ẹ̀. Nítorí fọ́tò yẹn, bọ̀ọ̀dá mi á fi káléńdà àtijọ́ bò ó, á kọ ẹ̀yìn káléńdà tó funfun síta, á wá fi máákà kọ "Integrated Science" gàdàgbà sí i lára. Bàbá wa á kọjá lọ́gànjọ́, wọ́n á rí ọmọ wọn níbi tó ti ń ka Science lójú àtùpà, wọ́n á ní "Ọlọ́run á gbọ́ àdúrà ẹ." Bọ̀ọ̀dá mi á ní "Àmín sà." Ìgbà tí wọ́n bá ti sùn tán lèmi náà á wá yọ́ mú un.

Ṣé mo lóye ẹ̀ ni? Rárá o. Tí ìlà kan bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, bóyá ni mo mọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa èèyàn kan lójú ewé kejì, mo sì fẹ́ mọ ẹni tó pa á. Òun ni mo fẹ́ kí bàbá tíṣà wa bá mi wò. Ìwé gírámà tí wọ́n ń fún wa ní sùkúù, "the boy is kicking the ball", kí ló kàn mí bóyá ó gbá a wọlé àbí kò gbá a wọlé? Kò sẹ́ni tí kì í sùn nítorí bọ́ọ̀lù yẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ní ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn kó tó jáde, ó wá dé bá a ní ṣíṣí, èmi tí mo jókòó sórí ẹní, mi ò ní lè sùn, mo gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìlà yẹn tipátipá.

Mo rántí ọ̀rọ̀ kan bí àná. "The door was ajar." Mo mọ door, mo mọ was, èyí tó kù yẹn ni mo kà sí "a jar", mo ní ìgò kẹ̀? Báwo ni ilẹ̀kùn ṣe di ìgò? Mo ro ó títí, mo ní bóyá ilẹ̀kùn onígíláàsì ni wọ́n ń wí. Díṣọ́nárì ò sí nílé wa, mi ò sì lè bi bàbá wa torí Science la ní à ń kà. Nínú ìwé kejì mo tún pàdé ẹ̀. Nínú ìkẹta, ọkùnrin kan dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn wà ní "ajar", ó fi ìka kan ṣoṣo tì í báyìí, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, òkú èèyàn ló wà nílẹ̀ pálọ̀. Áà! Ilẹ̀kùn tí wọn ò pa dé dáadáa ni! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé òkú tó wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn dòní, kò sẹ́ni tó lè gba "ajar" lọ́wọ́ mi mọ́, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo "vocabulary" tí wọ́n ní ká há sórí ní fọ́ọ̀mù wáànù, ẹyọ kan ò sí lórí mi lónìí.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn, tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí lórí fóònù, ni pé Chase yìí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà rárá. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, René Raymond lorúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé, 1906 ni wọ́n bí i, ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1939. Ọ̀pọ̀ ìtàn ẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ kò gbé ibẹ̀, máàpù ló máa ń tẹ́ síwájú, òun àti díṣọ́nárì slang àwọn ará Amẹ́ríkà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣé ẹni tó kọ́ wa lóyìnbó, òun náà ń ṣí díṣọ́nárì wo! Ẹ tiẹ̀ wo àkọlé àwọn ìwé ẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni: "You Must Be Kidding", "Just a Matter of Time", "Have a Nice Night", "A Can of Worms". Ẹni tó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lò ti lè bá òyìnbó ná ọjà, kó bá a jà, kó sì kí i pé ó dàárọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, agolo ekòló ni, ọ̀ràn tẹ́ ẹ bá ti ṣí ìdérí ẹ̀, ohun tó máa rá jáde níbẹ̀ ẹ ò ní lè kó o padà mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ogún bàbá ṣe máa ń rí nílé olórogún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí òyìnbó inú ìtàn ọ̀daràn fi wúlò ju ti ìtàn mìíì lọ. Inú ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í sọ òyìnbó ńlá, ohun tó ń wá ni ta ló ní kọ́kọ́rọ́, ife mélòó ló wà lórí tábìlì, kí ni olóògbé jẹ lálẹ́, dúrọ́ọ̀ wo ni wọ́n fà jáde tí wọn ò tì padà. Gbogbo nǹkan tó wà nílé yín ló máa dárúkọ ẹ̀. Ó sì fẹ́ràn aṣọ! Àpò ẹ̀wù, bọ́tìnì tó já, òwú kan tó há sára ìṣó, àbààwọ́n tí wọ́n fọ̀ tí ò lọ. Sleeve, hem, stain, lining, ibi tí wọ́n ti ń wá apànìyàn ni mo ti mọ gbogbo wọn. Òyìnbó aládìrẹ yẹn bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé etí aṣọ yìí ò "frayed", pé ṣé kò ti máa tú, mo ní "No madam, it's only a loose thread", mo fi síṣọ́ọ̀sì gé e kúrò lójú ẹ̀. Ó wò mí. Ó ra báńdù mẹ́rin.

Ìbéèrè ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì tó ń ni wá lára jù ni ìbéèrè àti ọ̀rọ̀ àná, torí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní "mò ń dín dòdò", ó lè jẹ́ ní báyìí, ó lè jẹ́ lánàá nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bú, ẹni tó ń gbọ́ mi á mọ̀. Ọlọ́pàá inú ìwé ò ní gbà bẹ́ẹ̀. "Where were you at nine o'clock?" "I was frying plantain when I heard the shot." Dídín ń lọ lọ́wọ́, ìbọn ṣàdédé dún sí i láàárín, bí wọ́n ṣe máa ń tò ó nìyẹn, ẹni tó bá sì tò ó ṣìṣe, wọ́n á gbé e lọ. Mo ti kà á nígbà àìmọye kí n tó mọ̀ pé ó lórúkọ nínú gírámà.

Àti "when did you last see it?" Ẹ gbọ́, mo jẹ èrè gbólóhùn yẹn. Lọ́dún kan, báńdù léèsì Austria kan dàwátì ní ìsọ̀ mi. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, màá ti pariwo pé ta ló jí i, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa sunkún, wọ́n á máa búra, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Mo jókòó. Mo ní, ìwọ, ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn? Ìwọ ńkọ́? Ta ló dúró síbi? Bá a ṣe ń to ọjọ́ padà sẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a bá a dé ọjọ́ Wẹsidé, ọ̀sán, èmi fúnra mi ni mo di í mọ́ ẹrù kọ́sítọ́mà kan tó ń lọ Ìlọrin. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mí, èmi náà lọ̀daràn. Mo pè é lórí fóònù, ó ní òun ti ń retí kí n pè.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ló kàn. Àwa Yorùbá, "ó" la ní. Ó wọlé, ó yọ́ rìn, ó yìnbọn, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ewúrẹ́ ni o, "ó" ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi máa ń sọ pé "my mummy, he is coming", tí wọ́n á máa fi í rẹ́rìn-ín. Nínú ìtàn ọ̀daràn, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé tẹ́ ẹ bá ṣi he mú fún she, ẹni tí kì í ṣe òun lẹ máa fura sí. Ohun tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ìyà tó ń jẹ òǹkọ̀wé òyìnbó fúnra wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ fi apànìyàn pa mọ́, wọn ò lè ní "he" wọn ò lè ní "she", wọ́n á wá máa sá kiri, "someone" moved in the dark, "the figure" turned, "whoever it was". Tí mo bá ti rí i pé wọ́n ń sá bẹ́ẹ̀ jù, mo ti mọ̀ pé ẹni tí gbogbo èèyàn rò pé ọkùnrin ni, obìnrin ni. Mo ti mú apànìyàn tó pọ̀ lọ́nà yẹn. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni, "ó" lásán ti bò wọ́n láṣìírí.

"Wọ́n" tún burú jù ú lọ. Wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò wa nígbà kan, màmá àgbàlagbà kan ló rí i. Ọlọ́pàá tó wá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ò gbọ́ Yorùbá, ọmọkùnrin kan ló ń túmọ̀. Màmá ní, "Wọ́n wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n gbé e lé orí, wọ́n jáde." Ọmọkùnrin yẹn ní "they entered, they carried it", ọlọ́pàá ń kọ ọ́ lọ, ó ti ń bèèrè pé wọ́n tó mélòó, ṣé wọ́n ní ìbọn lọ́wọ́. Mo sún mọ́ wọn. Mo ní màmá, èèyàn mélòó lẹ rí? Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni kẹ̀, bàbá kan tó wọ agbádá, kí ni wọn ò ṣe ní pọ́n ọn lé. Mo bá yíjú sí ọlọ́pàá, mo ní "Officer, it was one man, an old man. She is only being polite." Màmá ń bọ̀wọ̀ fún olè! Ọlọ́pàá fi bírò kan ìwé ẹ̀, ó fa igi sí gbogbo "they" tó ti kọ.

Mi ò ní purọ́ o, ìwé yìí ti kó bá mi rí. Ìgbà tí mo ṣì kéré lọ́jà, ìyàwó èèyàn ńlá kan wá ná léèsì lọ́dọ̀ mi, a ná an títí, ọrùn ń ro mí, ni mo bá ní "Listen, baby, take it or leave it." Inú ìwé ni mo ti mú u, ó dùn létí mi. Màmá yẹn gbé léèsì sílẹ̀ bí ẹni gbé iná, wọ́n ò sì tún ya ìsọ̀ mi mọ́ títí wọ́n fi kó kúrò n'Íbàdàn. Jàǹdùkú ló ń sọ ọ́ nínú ìwé, mi ò wo ẹni tó ń sọ ọ́. Láti ìgbà náà, tí gbólóhùn kan bá wù mí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu ta ló ti jáde.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Agatha Christie nígbà tó yá. Ilé àwọn tó lówó lówó ni tiẹ̀, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń pa ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Obìnrin yẹn kọ ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin kó tó kú ní 1976, ó sì ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní ọsibítù nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, májèlé tó wà nínú ìwé ẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dénú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn tútù sọ pé rárá. "I'm afraid I can't." Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, gbogbo èèyàn inú ilé ńlá yẹn ni ẹ̀rù ń bà, mo ní kí ló ń lé wọn? Àṣé "ẹ má bínú" ni. Tí wọ́n bá ti ná mi dé ibi tí ò dáa báyìí, "I'm afraid I can't, ma", wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sanwó.

Àwọn kan á ti máa rò pé òyìnbó nìkan ló ń pa ìtàn báyìí. Ẹ̀yin tíṣà, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tó ń lé ọ̀daràn kiri nínú Àjà Ló L'ẹrù, láti 1969? Ti Kọ́lá Akínlàdé náà ńkọ́? Ìjàpá tó ń jalè nínú àlọ́ látayébáyé, ọmọ ta ló sọ di olè? Ẹni tó bá ti ka ti Lápàdé lédè ẹ̀ tán, tó bá mú ti òyìnbó, ó ti mọ ojú ọ̀nà, ó mọ̀ pé ẹni tó ń yá mọ́ni jù yẹn ni ká ṣọ́. Mo ti kọ́kọ́ rò pé "inside job" ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé, bí ẹni kun yàrá. Ìgbà tí mo rí i pé ẹni ilé ló ṣílẹ̀kùn fún olè, mo ní ó tán, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. "Red herring" nìkan ló pẹ́ kó tó yé mi, torí ẹja ṣáwá ni herring lọ́jà wa, mo wá ẹni tó jẹ ẹja nínú ìwé yẹn títí mi ò rí i. Àṣé ohun tí òǹkọ̀wé fi ń ṣì wá lọ́nà ni, ká lè máa fura sí ẹni tí kì í ṣe òun.

Ibi tí ìwé ò ti ràn mí lọ́wọ́ ni bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Láyé ìjọba ṣọ́jà, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ "Kọ́nẹ́ẹ̀lì" lórí rédíò, mo sì ń rí "Colonel" nínú ìwé, ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo fi rò pé èèyàn méjì ni wọ́n. Ayé ti dẹ̀rọ̀ fáwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Sherlock Holmes tí Conan Doyle kọ, ìwé gígùn mẹ́rin àti ìtàn kúkúrú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí Project Gutenberg tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, LibriVox tóun náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń kà á sókè létí yín lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́mọ fi ojú bá a lọ. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀ o, láti 1887, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń wọ̀. Tó bá le jù, àwọn Oxford Bookworms wà tí wọ́n ti tún un kọ ní ìpele ìpele, ìpele kìíní ò ju ọ̀rọ̀ 400 lọ, ìkẹfà ló dé 2,500. Ọmọ ọmọ mi wà ní ìpele kejì báyìí, ó ń bi mí níbi oúnjẹ pé, "Grandma, do you have an alibi?" torí pé ẹran kan ti dín nínú ìkòkò. Mo ní mo wà lọ́jà. Ó ní ta ló lè jẹ́rìí sí i?

Olóòtú, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbà mí láàyè. Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo rà lọ́dọ̀ àwọn oníwèé bẹ́ńdáùn ní Dùgbẹ̀, ó ti lé lógún ọdún, kò ní èèpo, kò ní orúkọ, ojú ewé 9 ló ti bẹ̀rẹ̀, ojú ewé 171 ló já sí. Ọkùnrin kan ló gbé àpótí méjì wọ hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ẹyọ kan ló kù, ẹni tó bá a gbé e wọlé sì búra pé ẹyọ kan náà ló gbé wá. Ìyàwó ẹni tó gbé ẹrù yẹn lèmi ń fura sí. Tí ẹnikẹ́ni nínú òǹkàwé yín bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ fi orúkọ ìwé náà ránṣẹ́ sí yín, orúkọ nìkan o, kó má sọ ẹni tó gbé e fún mi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ,
Gbági Tuntun, Ìbàdàn